Etí Ẹni Tí Ń Yẹ Ọkọ̀ Wò

Ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù ọkọ̀ onígbòkun a máa kọ́kọ́ bẹ àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́wẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn wù mí gan-an. Tí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ kúrò lómi, òòlù kékeré á jáde. Kó, kó, kó: wọ́n á máa rọra kan ara ọkọ̀ náà, tí wọ́n fi fáíbà ṣe, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó dáa á dún ketekete. Ṣùgbọ́n nínú dẹ́ẹ̀kì ọ̀pọ̀ ọkọ̀, igi balsa ló wà láàárín ìpele fáíbà méjì. Bí omi bá gba ihò bóòtù kan wọlé, igi náà á jẹrà, ìró òòlù á sì kú. Ọ̀dà tuntun kò lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀! Wọ́n á padà sẹ́yìn, wọ́n á tún un kàn, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ po. Wọ́n á tún yẹ wáyà tó di òpó ìgbòkun mú wò, nítorí okùn irin kan tó já níbẹ̀ lè wó òpó lójú agbami. Ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ni olùrà á fi dúnàádúrà, tàbí kó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.