"Fetish": Ọ̀rọ̀ Tó Ń Nàka Sí Ẹlòmíràn

Nínú fíìmù Yorùbá kan tí mo wò láìpẹ́ yìí, bàbá kan jókòó sórí ẹní, ó ń fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ dífá fún obìnrin kan tó ń wá ọmọ. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, "Babaláwo, ẹ gbà mí." Mo wo Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán: "Fetish priest, save me." Mo dá fíìmù náà dúró. Èwo tún ni fetish? Kò sí ère níbẹ̀, kò sí òǹdè. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti ẹnu bàbá nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn kò ní èrò búburú. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ló mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹrù tó rù kò sì kéré.

Látìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Facticius ni wọ́n ń pe ohun tí èèyàn fi ọwọ́ ṣe, tí kò hù fúnra rẹ̀. Látinú rẹ̀ ni àwọn Potogí ti rí feitiço, èyí tí wọ́n ń lò fún oògùn àti èèdì. Ẹ fiyè sí èyí o: ará ilé tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń bá wí. Kí ọkọ̀ wọn tó kan etíkun Áfíríkà ni feitiçaria ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní Pọ́túgà. Nígbà tí wọ́n wá dé, tí wọ́n rí ohun tí àwọn èèyàn so mọ́ ọrùn àti ìdí, wọ́n kàn kiwọ́ bọ àpò, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di fetisso lẹ́nu àwọn oníṣòwò, ó di fétiche ní Faransé, ó di fetish ní Gẹ̀ẹ́sì. Willem Bosman, oníṣòwò ará Hóláǹdì tó gbé ní Gold Coast, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1704. Nígbà tó fi máa di 1760, Charles de Brosses ará Faransé ti fi orúkọ náà pe odindi ẹ̀sìn, láti inú ohun tí àwọn arìnrìn-àjò kọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà yà sí lẹ́yìn ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Karl Marx gbé e padà sílé Òyìnbó ní 1867, nínú Das Kapital. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn ará Yúróòpù náà ń wo ọjà bí ẹni pé inú ara rẹ̀ ni iye rẹ̀ ti hù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ èèyàn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1887, Alfred Binet ní Paris lò ó fún ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara tó so mọ́ nǹkan kan ṣoṣo. Freud tẹ̀lé e ní 1927. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí ọ̀rọ̀ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti bàtà, ọ̀dọ̀ Binet lẹ wà yẹn.

Ìtumọ̀ yí padà yí padà, àmọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń dúró síta, kó máa nàka sí ẹlòmíràn. Ẹ̀sùn ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe lẹ tún ń bọ. Ta ló sọ fún wọn pé a ò mọ̀? Agbẹ́gilére mọ̀ pé igi lòun ń gbẹ́. Oníṣègùn mọ ewé tó já àti ọ̀rọ̀ tó pè sí i. A kì í fi pamọ́ pé ọwọ́ ló ṣe é. Ọwọ́ yẹn gan-an là ń san owó fún.

Ẹ sì wo iye nǹkan tí ọ̀rọ̀ kan yìí dà pọ̀. Ìfúnpá wà fún apá, ìgbàdí wà fún ìdí. Ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ni tírà ti wá. Okígbẹ́ ni kí àdá má ran ara, kánàkò ń gé ọ̀nà kúrú, àféèrí ni kí ojú má rí ọ. Babaláwo kì í ṣe àwòrò òrìṣà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oníṣègùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan lè ṣe méjì pọ̀. Gbogbo wọn, fetish. Ẹni tó pe àga, tábìlì àti ilẹ̀kùn ní "igi" kò parọ́, àmọ́ ẹ má rán an lọ́jà.

Ẹnìkan lè ní kí n fi í sílẹ̀ jàre, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Brazil. Nina Rodrigues, dókítà kan ní Bàhíà, kọ̀wé lórí ẹ̀sìn àwọn ọmọ Nàgó àti àwọn aláwọ̀ dúdú yòókù níbẹ̀. "Fétichiste" wà nínú àkọlé ìwé náà tó jáde ní 1900. Òfin 1890 ti ka idán sí ọ̀ràn. Ní Rio, ọlọ́pàá kó ìlù, ìlẹ̀kẹ̀ àti ère àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé àti Umbanda, wọ́n sì pe ibi tí wọ́n kó wọn sí ní Museu da Magia Negra. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kó wọn lọ sí Museu da República, lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́sìn náà ti jà fún un. Orúkọ tí àwọn fúnra wọn fún ẹrù náà ni Nosso Sagrado, ohun mímọ́ wa.

Ibi kan wà tí ọwọ́ mi ò ti le. Ọjà Akodésséwa ní Lomé, Marché des Fétiches ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọlọ́jà tó fi orúkọ yẹn pe oníbàárà kò bú ara rẹ̀; ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà di ti ilé, ó sì ń fi í jẹun. Mi ò ní lọ bá a jà. Ẹjọ́ mi wà lọ́dọ̀ àwa tí a ní ọ̀rọ̀ tó péye lẹ́nu, tí a tún ń yá èyí tí kò péye lò nínú fíìmù tiwa.

Àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán máa ń ṣàròyé pé àyè kéré. Kò burú, ẹ jẹ́ ká ka lẹ́tà. Fetish priest, méjìlá. Babaláwo, mẹ́jọ.