Bébà àti Àwọ̀ Nínú Kọ́míìkì Àtijọ́ ti Amẹ́ríkà: Kí Ni Àtúntẹ̀ Ń Pamọ́, Kí Ni Ó Ń Parẹ́?

Nígbà tí alámèyítọ́ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé ìtàn alàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ sí kọ́míìkì, ẹni tí ó kọ ìtàn àti ẹni tí ó ya àwòrán ni ó sábà máa ń dárúkọ. Bébà tí wọ́n tẹ ìwé náà sí kì í sí nínú ọ̀rọ̀, àwọ̀ pàápàá kì í sì ju ohun ọ̀ṣọ́ lọ lójú ọ̀pọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bébà ni ilé tí wọ́n bí àwọ̀ kọ́míìkì sí. Ẹni tí kò bá wo ilé náà yóò pe ọgbọ́n ní àìmọ̀ṣẹ́, yóò sì pe àṣìṣe ní ọgbọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn tí ń kó ìwé àtijọ́ jọ nìkan. Àtúntẹ̀ lórí bébà funfun dídán ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òde òní fi ń mọ àwọn iṣẹ́ tí ó jáde láti ọdún 1938 títí di nǹkan bí ọdún 1980, àtúntẹ̀ náà a sì máa yí ìtumọ̀ iṣẹ́ padà láìsọ fún òǹkàwé.

Ní ọdún 1938 tí Superman kọ́kọ́ jáde nínú Action Comics, sẹ́ǹtì 10 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Owó ọmọdé ni. Kí èrè tó lè wà nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, bébà ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ṣe ojú-ewé inú rẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn nìkan ni ó rí bébà tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi tí ẹ̀rọ lọ̀ kúnná ni wọ́n fi ń ṣe bébà ìwé ìròyìn, láìyọ èròjà lignin tí ó wà nínú igi náà kúrò. Bí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bá ti ń kan èròjà yìí, bébà a di pupa rúsúrúsú. Ásíìdì inú rẹ̀ a sì mú un gbẹ, títí yóò fi máa fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣí i. Láti ọjọ́ tí ó ti jáde lábẹ́ ẹ̀rọ pàápàá, kò funfun: ó rí bí aṣọ àlà tí eruku ti bà. Ó tún ń fa omi, nítorí náà tàdáwà tí ó bá kàn án a fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Aláró mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Aró kan náà kì í jáde bákan náà lára aṣọ méjì. Bí aṣọ bá ti mu aró sí ni àdìrẹ yóò ṣe rí.

Tàdáwà mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ ń lò: ìyeyè, pupa, aró àti dúdú. Dúdú ni ó ń gbé ìlà ayàwòrán. Àwọn mẹ́ta yòókù ni wọ́n ń bí gbogbo àwọ̀. Níwọ̀n bí ẹ̀rọ kò ti lè bu omi la tàdáwà, àmì róbótó wínníwínní ni wọ́n fi ń mú àwọ̀ fúyẹ́, ní ọ̀nà tí ó tan mọ́ èyí tí Benjamin Day, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1879. Bí àmì pupa bá tò sórí bébà pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn, ojú a pa wọ́n pọ̀, a sì rí pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Nínú ètò tí ó gbilẹ̀ jù, ipò mẹ́rin ni tàdáwà kọ̀ọ̀kan lè wà: kí ó má sí rárá, kí ó jẹ́ ìdá 25 nínú 100, kí ó jẹ́ ìdá 50, tàbí kí ó kún pátápátá. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 64. Àwọ̀ 64 ni gbogbo ayé kọ́míìkì, láti orí oòrùn títí dé orí ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tí ń kun àwọ̀ a kun ẹ̀dà àwòrán náà, a sì kọ àmì sí i: Y fún ìyeyè, R fún pupa, B fún aró, 2 fún ìdá 25, 3 fún ìdá 50. Y2R2 ni awọ ara òyìnbó. Láti ibẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ a lọ sí ìlú Bridgeport ní ìpínlẹ̀ Connecticut, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin, ti ń fi ọwọ́ kun awẹ́ ọ̀rá mímọ́ gaara mẹ́sàn-án fún ojú-ewé kan ṣoṣo, mẹ́ta fún tàdáwà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wọn kì í sí nínú ìwé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ ẹni tí ó yan àwọ̀ pàápàá kì í sábà sí níbẹ̀.

Inú ìhámọ́ yìí ni èdè àwọ̀ kan ti dìde. Aṣọ Superman, tí ó jẹ́ aró, pupa àti ìyeyè, sún mọ́ tàdáwà tí ẹ̀rọ ní gan-an. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń hàn ketekete lórí bébà tí ń pa àwọ̀ kú. Irun rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n aró ni ó ń dán lórí rẹ̀, kí dúdú náà má baà rí pẹrẹsẹ. Ohun tí ó yẹ kí alámèyítọ́ fiyè sí jù lọ ni funfun. Kò sí tàdáwà funfun. Funfun ẹyinjú akọni, funfun ìbúgbàù bọ́ǹbù, funfun àlàfo tí ọ̀rọ̀ ẹnu wà nínú rẹ̀, bébà gan-an ni gbogbo wọn. Nítorí náà, bébà kì í ṣe ẹní tí àwòrán jókòó lé lásán. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀. Bí bébà bá ń darúgbó, ojú akọni ni ó ń pọ́n.

Ìtàn Hulk fi hàn bí agbára bébà àti tàdáwà ti tó. Nígbà tí Stan Lee àti Jack Kirby gbé e jáde ní ọdún 1962, àwọ̀ eérú ni ara rẹ̀. Nínú ìwé àkọ́kọ́ náà, eérú yìí kò dúró sójú kan: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú ní ojú-ewé kan, ó fúyẹ́ ní òmíràn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Tàdáwà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó gbọ́dọ̀ pàdé ní ìwọ̀n kí eérú tó jáde. Bí ọ̀kan bá pọ̀ díẹ̀, eérú náà a di nǹkan mìíràn. Àwọ̀ ewé kò fẹ́ ju ìyeyè àti aró lọ. Nínú ìwé kejì, Hulk di aláwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà lọ́kàn gbogbo ayé títí di òní. Àtúntẹ̀ kan wà tí ó padà lọ kun Hulk àkọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé, bí ẹni pé kò ní eérú lára rí. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń pa ẹ̀rí rẹ́: ó ń bo ọ̀nà tí ẹ̀dá ìtàn náà gbà di ohun tí ó dà.

Ẹ̀dá ìtàn lè pààrọ̀ awọ. Ènìyàn dúdú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bíi ti eérú, àwọ̀ ara ènìyàn dúdú ń fẹ́ tàdáwà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí aró bá sì borí, awọ náà a hun bí ara ẹni tí kò fi òrí pa ara nígbà ọyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú rí nínú kọ́míìkì àtijọ́. Ó rọrùn láti di ẹ̀bi náà ru bébà. Àwíjàre yìí ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí pé lórí irú bébà kan náà ni ilé-iṣẹ́ EC ti tẹ ìtàn “Judgment Day” jáde nínú Weird Fantasy 18 ní ọdún 1953.

Al Feldstein ni ó kọ ìtàn náà, Joe Orlando ni ó yà á. Ní àsìkò yẹn, Marie Severin ni ó ń bójú tó àwọ̀ ní EC, ó sì mọ bí a ti ń fi àwọ̀ kan ṣoṣo bo odidi àwòrán kí ìbẹ̀rù tàbí òru lè wọ inú rẹ̀. Nínú ìtàn yìí, aṣojú kan tí ń jẹ́ Tarlton ti ilé ayé lọ bẹ ìlú àwọn róbọ́ọ̀tì wò. Àwọn róbọ́ọ̀tì aláwọ̀ ọsàn ń gbé lọ́lá, àwọn aláwọ̀ aró ń gbé nínú ìnira, bẹ́ẹ̀ èèpo ara nìkan ni ó yàtọ̀ láàárín wọn. Tarlton sọ fún wọn pé wọn kò tíì yẹ lẹ́ni tí ń bá ẹgbẹ́ àwọn ayé yòókù ṣe. Nínú àwòrán ìkẹyìn, ó ṣí akoto rẹ̀: ènìyàn dúdú ni, òógùn sì ń dán lójú rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ tàdáwà níhìn-ín. Ìyeyè àti pupa ni ó bí àwọ̀ ọsàn. Aró dá dúró níhà kejì. Àwọ̀ ara Tarlton ni ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Yálà wọ́n pète rẹ̀ tàbí wọn kò pète rẹ̀, ohun tí ìlú náà pín sí méjì ti di ọ̀kan lójú ọkùnrin yìí. Nígbà tí EC fẹ́ tún ìtàn náà tẹ̀ ní ọdún 1956, Charles F. Murphy, olórí àjọ tí ń yẹ kọ́míìkì wò, kọ̀ kí ọkùnrin náà jẹ́ ènìyàn dúdú. William Gaines tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà kò gbà, ó sì tẹ̀ ẹ́ bí ó ti wà sínú Incredible Science Fiction 33. Ẹni tí ó bá ní ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni àwọ̀ nínú kọ́míìkì, kí ó dáhùn ìdí tí odidi àjọ kan fi bá àwọ̀ kan ṣoṣo jà.

Àṣìlóye mìíràn ti ilé àwòrán ńláńlá wá. Àwòrán Whaam! tí Roy Lichtenstein kùn ní ọdún 1963 wà lára ìṣúra Tate ní London. Ó fa èrò rẹ̀ yọ láti inú àwòrán Irv Novick nínú All-American Men of War 89 ti ọdún 1962. Lichtenstein sọ àmì róbótó di ńlá, ó sì mú kí ó hàn gbangba. Iṣẹ́ tirẹ̀ ní iyì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti rò pé àmì róbótó ni ẹwà kọ́míìkì. Inú ìwé gan-an, wọ́n fi àmì náà síbẹ̀ kí ojú má baà rí i. Bébà tí ń fa tàdáwà ni ó ń bá ojú pa á pọ̀. Lórí aṣọ àwòrán tí ó tẹ́jú, bébà ti lọ, àmì nìkan ni ó kù, bí orin tí wọ́n yọ ìlù kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ DC bẹ̀rẹ̀ Camelot 3000 lórí bébà Baxter, tí ó funfun ju ti ìwé ìròyìn lọ. Marvel bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ Masterworks ní ọdún 1987, DC náà sì bẹ̀rẹ̀ Archive Editions ní ọdún 1989, láti fi bébà tí ó lè pẹ́ gba iṣẹ́ àtijọ́ là. Ète náà dára, ìwé tí ń fọ́ kò ṣeé kà. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí wọ́n ti fún lágbára nítorí bébà tí yóò pa á kú di ariwo lórí bébà tí kì í pa nǹkan kú. Ó dà bí ẹni tí ń pariwo fún adití, tí wọ́n wá gbé elétí jókòó síwájú rẹ̀ tí kò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

Iṣẹ́ méjì lè fi ìyàtọ̀ àtúnṣe sí àtúnṣe hàn. Dave Gibbons àti Brian Bolland, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì, ni wọ́n jọ ya Powerman fún àwọn òǹkàwé Nàìjíríà ní àárín àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn náà, Gibbons ya Watchmen (1986–1987), Bolland ya The Killing Joke (1988), John Higgins kan náà sì ni ó kun àwọ̀ méjèèjì. Fún ẹ̀dà Watchmen ti ọdún 2005, Higgins fúnra rẹ̀ ni ó padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Fún ẹ̀dà The Killing Joke ti ọdún 2008, Bolland fi àwọ̀ tirẹ̀ rọ́pò ti Higgins. Àwọ̀ Bolland tutù, ó sì mọ́. Ìrántí ayé àtijọ́ inú ìtàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú àti funfun, pupa nìkan ni ó ń yọ lójú. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Síbẹ̀, ọsàn àti àlùkò Higgins, tí ń ké bí ìrònú ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú, ni àwọn òǹkàwé ọdún 1988 bá pàdé. Ẹ̀dà tuntun kì í ṣe àtúnṣe ti àtijọ́. Iṣẹ́ mìíràn ni, ó sì yẹ kí méjèèjì máa wà lọ́jà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó tọ́ kí alámèyítọ́ máa béèrè lọ́wọ́ àtúntẹ̀ kọ́míìkì. Èkíní, kí ó sọ ẹni tí ó kun àwọ̀ àkọ́kọ́ àti ẹni tí ó tún un kùn. Èkejì, bí wọ́n bá fẹ́ lo àwọ̀ àtijọ́, kí wọ́n lo bébà tí kò dán, tí kò sì funfun jù, kí àwọ̀ lè rí ilé tí ó mọ̀ gbé. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé ìkówèésí má ṣe ju ẹ̀dà bébà nù nítorí pé àwòrán rẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ojú kọ̀ǹpútà ní funfun tirẹ̀. Bébà ìwé ìròyìn kò lè pẹ́ láyé; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Níwọ̀n ìgbà tí ó ṣì wà, òun ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ó lè sọ bí Hulk ti jẹ́ eérú rí, àti bí ojú Tarlton ti rí lọ́jọ́ tí àjọ kan fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.