Okùn Òdòdó Ráhábù: Ṣé Àwọ̀ Ni Àbí Májẹ̀mú?

Bí ẹ bá ti pẹ́ nínú ìjọ, ẹ ó ti gbọ́ ọ pé okùn òdòdó tí Ráhábù so mọ́ fèrèsé rẹ̀ ní Jẹ́ríkò, ẹ̀jẹ̀ Jésù ni. Ìtumọ̀ náà kì í ṣe tòní. Clement ti Róòmù ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí àwọn ará Kọ́ríńtì ní ìparí ọ̀rúndún kìíní; Justin náà sọ ọ́ ní ọ̀rúndún kejì. Ohun tó ti pẹ́ tó báyìí, a kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi rí mọ ìbéèrè mi: ibo ló wà nínú ìwé?

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Nínú Jóṣúà orí 2, obìnrin yìí fi amí méjì pamọ́ sábẹ́ pòròpórò ọ̀gbọ̀ lórí òrùlé, ó ní kí wọ́n fún òun ní àmì tó dájú. Wọ́n búra fún un. Ẹ̀yìn ìbúra ni ọ̀rọ̀ okùn òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Nígbà tí odi sì wó ní orí 6, a kò gbọ́ nǹkan kan nípa okùn náà mọ́: àwọn amí tó búra gan-an ni Jóṣúà rán wọnú ilé lọ kó wọn jáde. Ìwé Hébérù yin Ráhábù nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, Jákọ́bù yìn ín nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò dárúkọ okùn.

Ṣé Clement wá ṣìnà ni? Rárá o. Àwọ̀ nìkan ni n kò gbà ní ẹ̀rí. Ní Jẹ́nẹ́sísì 38, agbẹ̀bí so òwú òdòdó mọ́ ọwọ́ ọmọ Támárì, kí wọ́n lè mọ èyí tó kọ́kọ́ yọ ọwọ́ ni. Ní Àìsáyà 1:18, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n fi wé àwọ̀ yìí. Tó bá jẹ́ àwọ̀ la fẹ́ tẹ̀ lé, ta ni yóò sọ fún wa bóyá ẹ̀jẹ̀ ni àbí ẹ̀ṣẹ̀?

Ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rí wà. Ní Ẹ́kísódù 12, ẹ̀jẹ̀ wà lára òpó ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí àmì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jáde títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní Jóṣúà 2, okùn wà lójú fèrèsé. Ẹni tó bá jáde, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lórí ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Hébérù kan náà, ‘ot’, ló dúró fún àmì ní ibi méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí Origen, ní ọ̀rúndún kẹta, fi tẹjú mọ́ ilé náà, tó ní ìjọ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ‘tiqwah’ tí ìwé náà lò fún okùn, òun náà ni wọ́n ń kọ fún ìrètí.

Ó yẹ kí èyí tètè yé Yorùbá. Nígbà tí àwọn baba wa ń fi owó ẹyọ pàrokò, kì í ṣe owó ẹyọ ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tó wà láàárín ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á ló ń sọ ọ́.

Kí ló dé tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu? Nítorí pé bí agbára bá wà nínú okùn, a lè tà á. Ẹ kúkú mọ̀ pé wọ́n ń tà á: áńkáṣíìfù, òróró, okùn ọwọ́. Bí aláìsàn bá rà á tí ara rẹ̀ kò sì yá, wọ́n á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Ráhábù kò ra nǹkan kan. Ó gba ìbúra gbọ́, ó so okùn mọ́ fèrèsé, ó kó bàbá, ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n òun àbúrò rẹ̀ sínú ilé, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ nígbà tí odi ń wó. Ìgbàgbọ́ tí mo rí kà níbẹ̀ nìyẹn. Okùn kò gba ẹnikẹ́ni là. Ẹni tó búra ló mú ìbúra ṣẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka orí méjèèjì pọ̀, Ẹ́kísódù 12 àti Jóṣúà 2, kí ẹ tó dá mi lóhùn.