Ọdẹ Tí Kò Rí Ìpara Ra

Ìyá ọ̀kan nínú wa ló kọ́kọ́ ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ wa, kò sì gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́ ni, ní Ìjànikin, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì. A to àwọn ère kéékèèké wa sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ọ̀dà ara wọn lè gbẹ. Màmá ń kọjá lọ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n dúró, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Ọdẹ ni, kò ga tó àtàǹpàkò wọn.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ọkùnrin yìí ò rí ìpara ra ni? Ẹ wo ara rẹ̀ bó ṣe rí bí eérú.”

Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ẹ̀rín tán, a gbé ọdẹ náà sábẹ́ iná, a wò ó, ẹnu wa wọhò. Òótọ́ ni Màmá sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi kùn ún o.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ irú eré yìí. Àwọn géèmù orí tábìlì kan wà tó jẹ́ pé ère jagunjagun, oṣó, àǹjọ̀nú àti ẹranko abàmì ni ọmọ ayò wọn. Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, Warhammer sì jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1983. Ère tó dúró fún èèyàn nínú Warhammer sábà máa ń tó bíi mìlímítà 28 sí 32. Láìlọ́dà ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó bá rà á ló máa kùn ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í fi bẹ́ẹ̀ ta géèmù náà, kíkùn yẹn gan-an ló wù wọ́n. Irú wọn ni àwa náà. Kódù là ń kọ jẹun láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di Sátidé, a ó gbé búrọ́ọ̀ṣì.

Iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ ni òjìji. Bí èèyàn gidi bá dúró sínú oòrùn, iwájú orí rẹ̀ á da òjìji sójú, àgbọ̀n á da òjìji sọ́rùn. Ère tó kéré tó báyìí ò ní irú òjìji bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yàrá á wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ara rẹ̀, gbogbo ẹ̀ á wá rí pẹlẹbẹ lójú. Nítorí náà, akunère ló máa fi ọ̀dà purọ́ òjìji náà. Á kọ́kọ́ kun àwọ̀ ìpìlẹ̀. Á wá pò ọ̀dà tó ṣú mọ́ omi títí á fi máa ṣàn, á dà á sára ère kó lè lọ dúró nínú kòtò, lábẹ́ ojú, láàárín ìka, nínú ìṣẹ́po aṣọ. Ní ìkẹyìn, á fi ọ̀dà tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí búrọ́ọ̀ṣì, á nù ún mọ́ àkísà títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, á wá fi gba ibi tó yọ síta: imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, èjìká.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ló ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn fídíò tá a fi kọ́ṣẹ́ ní ká máa pò funfun mọ́ àwọ̀ ara díẹ̀díẹ̀. Lára ẹni tí awọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ pò funfun mọ́ àwọ̀ igi ọbẹ̀ tàbí àwọ̀ kóró obì tó gbẹ, kí lẹ máa rí? Eérú ni. Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe sí lápálápá ẹsẹ̀ wa láràárọ̀ ni àwa náà fi ọ̀dà ṣe fún ọdẹ wa. Ohun tó dùn wá jù ni pé òkú tó jí dìde tá a kùn dára, àǹjọ̀nú tá a kùn dára. Ẹni tó jọ wá nìkan ló kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Nígbà náà la wá padà sílé, a ní ká wo bí àwọn tó ń ṣe ère kékeré níbí ṣe ń lo àwọ̀. Ọ̀kan nínú wa kọ́ iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà, ní Òtò-Ìjànikin, kó tó di yunifásítì. Òun ló darí wa sọ́dọ̀ Thomas Ọnà Odulate.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni Thomas Ọnà. Nǹkan bíi 1900 ni wọ́n bí i, ó sì kú lọ́dún 1952. Ìlú Èkó ló ti ṣiṣẹ́, láyé ìjọba òyìnbó. Ohun tó ń gbẹ́ ni àwọn èèyàn tó wà lójú pópó nígbà náà: ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, lọ́yà, sójà, míṣọ́nnárì, ẹni tó gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ga tó rúlà tá a lò nílé-ìwé. Á gbẹ́ fìlà lọ́tọ̀, á gbẹ́ agbòòrùn lọ́tọ̀, á wá fi wọ́n sára ère. Ẹni tó bá ti to ère Warhammer pọ̀ rí máa mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ pé ará wa ni bàbá yìí.

Àwọ̀ ńkọ́? Mẹ́ta péré: íńkì dúdú, íńkì pupa, àti pólíìṣì funfun tí wọ́n fi ń kun bàtà. Ó fi ìyókù igi sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a.

Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó rí àwọn ère náà gbà pé ńṣe ló ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé púpọ̀ nípa Yorùbá, kọ àpilẹ̀kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1957. Ìdáhùn Ọnà tó wà ńbẹ̀ ni pé òun ò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, bí òun ṣe rí ayé lòun ṣe gbẹ́ ẹ. Àwọ̀ tó lò ló mú ká gbà á gbọ́. Ẹni tó fẹ́ fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ á fi ọ̀dà pariwo; á kun imú òyìnbó pupa bí ata. Ọnà ò pariwo. Ó fi àwọ̀ síbi tí àwọ̀ ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ó sì dákẹ́ níbi tó kù.

Ká sòótọ́ ṣá, Thomas Ọnà ò fi ọ̀dà ṣe òjìji. Ọ̀bẹ ló fi ṣe é. Ère tó tó rúlà kan lè da òjìji fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá gé igi náà dáadáa. Torí náà, a ò lè kàn jókòó ká máa ṣe àdàkọ rẹ̀. Ohun tó gbà wá lọ́kàn ni àwọ̀ mẹ́ta yẹn, torí a tún bá wọn pàdé níbòmíràn. Justus Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ̀gún ara igi ní àwọn ọdún 1930, ère wẹ́wẹ́ tó kéré ju ti Ọnà lọ fíìfíì. Ẹ̀gún náà fúnra rẹ̀ ní àwọ̀: òmíràn funfun bíi mílíìkì, òmíràn pọ́n, òmíràn ṣú. Ó ń fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, ère náà á sì hàn ketekete láìsí ọ̀dà.

Ère ìbejì náà ńkọ́? Láyé àtijọ́, ìyá tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ bá kú máa ń wẹ ère, á fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, á fi osùn pa á lára. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ dé, wọ́n ń fi kun irun rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, osùn á gan mọ́ kọ̀rọ̀, ibi tí ọwọ́ ń kàn jù á máa dán. Kí àwọ̀ ṣú nínú kòtò kó sì mọ́ níbi tó yọ: ohun tí fídíò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ wa nìyẹn. A ò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n o. Ọ̀fọ̀ ló wà nídìí ti ìyá yẹn, eré ni tiwa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òjìji ṣe ń rí lára ohun kékeré, kó lọ wo ojú ère ìbejì tí wọ́n ti wẹ̀ fún ogún ọdún.

Dúdú, pupa, funfun. Àìmọye ìgbà la ti gbọ́ ọ pé èdè Yorùbá ò ní orúkọ àwọ̀ tó tó. Ewé tútù, dúdú; aṣọ aláró, dúdú. Epo, idẹ, ìbẹ́pẹ tó pọ́n, gbogbo ẹ̀ pupa. Àwa náà ti fi ṣe ẹlẹ́yà rí, pàápàá nígbà tá a bá wo ìgò ọ̀dà wa tí orúkọ wọn ju ti ìdílé ọba lọ. Àmọ́ ẹ wo ohun tí akunère ń wá kiri: ibi tó ṣú, ibi tó wà láàárín, ibi tó mọ́lẹ̀. Àbí ẹ ò rí i bí mẹ́ta yẹn ṣe bá mẹ́ta yìí mu?

Yorùbá ò sì fi àwọn mẹ́ta náà sílẹ̀ lásán. Ó ń wọn wọ́n. Pupa fòò yàtọ̀ sí pupa rúsúrúsú. Funfun báláú kì í ṣe ẹgbẹ́ funfun tó ti pa rẹ́. Dúdú bíi kóró iṣin ní dídán tirẹ̀. Èdè wa kọ́kọ́ sọ ìdílé àwọ̀, ó wá sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Àwa tó ń kọ kódù mọ irú ètò bẹ́ẹ̀: orúkọ kan, ìwọ̀n kan tó tẹ̀ lé e.

Àwọn akunère ní ọgbọ́n kan tó fara jọ ọ́. Wọ́n á fi fóònù ya ère, wọ́n á yọ àwọ̀ kúrò nínú fọ́tò náà kó ku dúdú àti funfun. Bí ojú bá ṣì yàtọ̀ sí fìlà, iṣẹ́ ti dáa. Bí gbogbo ẹ̀ bá di ọ̀kan, a jẹ́ pé àwọ̀ aláràbarà ló ń tan èèyàn jẹ. A ya ọdẹ wa bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀, àpò ọdẹ rẹ̀, bákan náà ni gbogbo wọn rí, eérú lórí eérú.

Ọ̀rọ̀ kan tá a ti ń gbọ́ láti kékeré ló bá wa tú u: adúmáadán. Ẹni tó dúdú tó sì ń dán. Tí wọ́n bá fi yin obìnrin, a kàn ń gbádùn rẹ̀ ni. A ò tíì gbọ́ ọ rí bí ìlànà iṣẹ́. Dúdú ni ìpìlẹ̀. Dídán ló máa mú un yọ, dídán ò sì nílò kí a pò funfun mọ́ ọn. Apọ́nbéporẹ́ náà wà ńbẹ̀, fún ẹni tó pọ́n bí epo tuntun. Àwọ̀ epo yẹn gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀.

A fọ ọdẹ náà, a tún un kùn. A fi dúdú tó ní pupa díẹ̀ nínú sí kọ̀rọ̀. A fi pupa rúsúrúsú gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èjìká, a wá fi èyí tó jọ epo kan orí imú. Ní ìparí, a fi ọ̀dà tó ń dán tí kò ní àwọ̀ tọ́ iwájú orí àti èjìká, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Lẹ́yìn náà, a fi ọgbọ́n yẹn dán Àgbákò wò. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tó jáde lọ́dún 1938, Fágúnwà fún un ní fìlà irin, ẹ̀wù idẹ àti ṣòkòtò awọ, ó sì to ojú 16 sí i lórí. Ẹ ò rí i pé ìwé náà ti yan àwọ̀ sílẹ̀ fún akunère? Irin, dúdú. Idẹ, pupa. Ẹyinjú, funfun. Ibi tó ti fẹ́ yọ wá lẹ́nu ni pé idẹ pupa, awọ náà pupa, wọ́n sì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ìwọ̀n ló yanjú rẹ̀: a jẹ́ kí idẹ pọ́n fòò, a fi awọ sílẹ̀ ní rúsúrúsú. Nínú fọ́tò aláìláwọ̀, ẹ̀wù kúrò lára ṣòkòtò kedere.

Ó ní ibi tí ọgbọ́n yìí ò dé o. Ìdílé pupa fẹ̀ jù: ìbẹ́pẹ tó pọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun nínú irú fọ́tò yẹn, obì pupa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú. Bí ẹ bá ní ọmọ ogun ogójì, tí ìdajì wọ aṣọ àwọ̀ ewé, tí ìdajì wọ búlúù, dúdú nìkan ò lè pín wọn níyà fún yín. Ẹ ṣì máa ra ìgò ọ̀dà. Àmọ́ kí ẹ tó ṣí i, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ibi tó máa dúdú, ibi tó máa pọ́n, ibi tó máa funfun, àti bó ṣe máa tó.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọdẹ náà síbi tí Màmá máa gbà kọjá. Wọ́n mú un, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

“Ẹ-hẹ̀n. Ó ti jọ ọmọ èèyàn báyìí.” Wọ́n tún gbé e sún mọ́ ojú. “Ṣùgbọ́n ẹ ò kun ìbọn rẹ̀. Kí ló fẹ́ fi pa ẹran?”

Òótọ́ ni. A gbàgbé ìbọn.