Kí Yájì Tó Débẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn oníbàárà mi ní Kétu l'Ékòó pé kí ló ń mú súyà dùn, ata ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. N kò ní bá wọn jiyàn. Àmọ́ èmi tí mò ń gé ẹran yìí mọ̀ pé kí yájì, èròjà ata lílọ̀ tí a ń fi kùn ún, tó débẹ̀, ọ̀bẹ ti pinnu bí súyà náà yóò ṣe rí lẹ́nu.

Àárọ̀ niṣẹ́ wa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹran tutù bá ti Oko-Ọba l'Ágége dé, tàbí láti Kárà lẹ́bàá odò Ògùn. Itan ni mo máa ń rà. Màá kọ́kọ́ bó awọ fẹ́lẹ́ funfun tó bò ó kúrò, nítorí iná kì í mú un rọ̀, líle ló ń le sí i. Lẹ́yìn náà ni màá wo ibi tí fọ́nrán ẹran kọjú sí, kí n tó fi ọ̀bẹ dá a ní ìbú. Ẹni tó bá gé e tẹ̀lé fọ́nrán rẹ̀, oníbàárà yóò jẹ ẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa ro ó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ Kàtsínà, a máa ṣí ègé ẹran kan ṣoṣo bí ẹni ń tẹ́ ẹní, yóò máa fẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìlu, láìya, títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí pákó nísàlẹ̀ rẹ̀. N kò tíì rí ọwọ́ tó dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ń fi igi gún un, a óò ki ègé iké màlúù, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní tózò, sáàárín ẹran tí kò lọ́ràá, kí ọ̀rá rẹ̀ máa yọ́ sára ìyókù.

Yájì ńkọ́? Ohun tó mú mi dúró sí Kétu nìyẹn, nítorí ọjà Mile 12 ò jìnnà sí wa. Atalẹ̀ láti gúúsù Kàdúná, ata gbígbẹ, àlùbọ́sà láti Sókótó àti Kébì, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń já wọn sí. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, tí àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù kọ̀ láti kó ẹrù wá sí Gúúsù, ọjọ́ díẹ̀ péré ni àlùbọ́sà àti ẹran fi gbówó lórí. Ojú gbogbo wa ló là sí ọ̀nà jíjìn tí igi súyà kan ń rìn.

Kúlíkúlí ni òpó yájì. Ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró inú rẹ̀, tí wọ́n dín, tí a wá gún kúnná: òun ló ń fa omi ẹran mu, tó sì ń gbẹ mọ́ ọn lára lójú iná. Bí òróró bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ púpọ̀, yóò ṣù, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kan. Mo máa ń rún un lọ́wọ́, kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n tó sanwó. Ẹ̀pà tó ti bu kò yẹ lẹ́nu ọmọ ẹnikẹ́ni, májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná súyà kò sì lè pa á. Atalẹ̀, ata, iyọ̀, mágí àti kànáfùrù ló kù. Kànáfùrù kò gbọdọ̀ pọ̀, torí bó bá pọ̀, ahọ́n á kú, kò ní mọ adùn ẹran mọ́.

Iná wá ńkọ́? Lókè Ọya, wọ́n máa ń gún igi súyà sílẹ̀ yí iná ká, kí ẹran dúró lóòró, kí ooru máa ti ẹ̀gbẹ́ bà á. Ọ̀rá rẹ̀ kì í kán sínú iná. L'Ékòó, orí wáyà la ń tẹ́ ẹ sí, ọ̀rá á kán sórí èédú, iná á sì là sókè. Iná tó ń là yìí lọ̀tá wa: yóò jó yájì dúdú, yóò fi èéfín kíkorò kùn ún, inú ẹran ò sì ní tíì jinná. Èédú tó ti pọ́n, tí eérú funfun ti bò díẹ̀, ni mo ń dúró dè. Èédú igi ayin láti Òkè-Ògùn ni mo yàn láàyò, nítorí kì í tètè kú. Ọ̀sán ni màá yan ẹran náà jinná lórí iná pẹ̀lẹ́. Bí oníbàárà bá dé lálẹ́, màá ta òróró ẹ̀pà sí i, màá tún yájì wọ́n, màá sì dá a padà sórí iná líle fún ìgbà díẹ̀.

Láti ọdún 2008 tí bọ́ọ̀sì BRT ti ń ná Mile 12 sí CMS, àwọn tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà alẹ́. Àwọn kan á kì í bọ búrẹ́dì, àwọn kan á fi mu gàrí tútù. Àwọn ìyá á ní, "Mállàm, má fi ata púpọ̀ sí tàwọn ọmọ o." Ọmọ Yorùbá ni mí, ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ́ Mállàm tayọ̀tayọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jẹ́ ẹ ni mo ti kọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń di súyà ni mo máa ń bẹ àwọn oníbàárà mi lé lórí. Bébà ló yẹ súyà, torí ó ń fa òróró, ó sì ń jẹ́ kí ooru jáde. Bí ẹ bá dà á gbígbóná sínú ọ̀rá ìdìǹkan, ooru á di omi, omi náà á sì rin yájì tí mo fi ọ̀sán gbogbo yan gbẹ. Ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà àti tòmátì wà lọ́tọ̀ títí ẹ ó fi délé. Bí ẹ kò bá sì kánjú, ẹ dúró jẹ igi àkọ́kọ́ níbí lọ́dọ̀ mi, kí tózò inú rẹ̀ tó tutù.