Òdo Kọ́ Ni Àìrí: Àgbéyẹ̀wò Òṣùwọ̀n Ìtọ́kasí àti Ipò Onímọ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí a kò ní dárúkọ, a bá ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ wò jókòó. Olùkọ́ méjì ni ọ̀rọ̀ kàn lọ́jọ́ náà, ọ̀kan jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì, èkejì jẹ́ onímọ̀ Yorùbá. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ti wo àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà. Níwájú orúkọ onímọ̀ kẹ́mísírì, ó kọ 9. Níwájú orúkọ onímọ̀ Yorùbá, ó kọ òdo. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí òdo náà túmọ̀ sí, a kò sì yọ ara wa sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, obìnrin tí wọ́n kọ òdo fún yìí ti kọ ìwé méjì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ N.C.E. ń lò, àpilẹ̀kọ rẹ̀ sì wà nínú jọ́nà Yorùbá tó lé ní mẹ́ta. Ìbéèrè tí a kò béèrè lọ́jọ́ náà ni iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò.

Òṣùwọ̀n náà àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1955 ni Eugene Garfield, ọmọ Amẹ́ríkà, dábàá nínú jọ́nà Science pé kí a ṣe atọ́ka kan tí yóò máa fi iṣẹ́ tó tọ́ka sí iṣẹ́ mìíràn hàn. Science Citation Index jáde ní 1964. Ohun tó jẹ Garfield lógún nígbà náà ni bí olùwádìí yóò ṣe rí ìwé tó yẹ kó kà. Fífi irú atọ́ka bẹ́ẹ̀ díwọ̀n ènìyàn dé lẹ́yìn. Ní 2004, ilé-iṣẹ́ Elsevier gbé Scopus jáde, Google náà sì gbé Google Scholar jáde. Nígbà tó di 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní San Diego, dá òṣùwọ̀n tí a ń pè ní h-index sílẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní onímọ̀ kan ní àpilẹ̀kọ 5, tí àwọn ẹlòmíràn sì tọ́ka sí wọn ní ìgbà 20, 9, 4, 3 àti 0. Ó kéré tán, àpilẹ̀kọ mẹ́ta ló ní ìtọ́kasí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní mẹ́rin. Nítorí náà, 3 ni h-index rẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ ìwé kan ṣoṣo ńkọ́, tí wọ́n tọ́ka sí i ní ìgbà 500? 1 ni tirẹ̀. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí ìwé ńlá ni a kọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ tiwa lé. A Grammar of Yoruba tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ jáde ní 1966. Ní ọdún kan náà ni The Content and Form of Yoruba Ijala ti Adébóyè Babalọlá jáde. Ẹni tó bá fi ọdún pípẹ́ tẹ̀ lé àwọn ọdẹ kó tó kọ ìwé kan kò lè bá ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ mẹ́jọ lọ́dún du irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Hirsch fúnra rẹ̀ mọ èyí. Ó sọ nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ pé òǹkà àwọn onímọ̀ ohun ẹlẹ́mìí máa ń ga ju ti àwọn onímọ̀ físíìsì lọ. Àṣà ìkọ̀wé ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ló fa ìyàtọ̀ náà. Ní 2015, àpilẹ̀kọ físíìsì kan jáde nínú Physical Review Letters tí orúkọ òǹkọ̀wé 5,154 wà lórí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ni ín, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ẹ̀rọ yóò sì ka ìtọ́kasí rẹ̀ fún. Ní tiwa, ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń jókòó kọ iṣẹ́ lórí ẹ̀sà egúngún tàbí ìró ohùn. Ọmọ ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n orí tábìlì kan náà ni ìgbìmọ̀ ń tẹ́ gbogbo wọn sí.

Ọ̀tà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Ẹni tó bá gba Ṣàngó-Ọ̀tà kọjá sí ọ̀nà Ìdìrókò yóò rí ilé-iṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Iye páálí tó bá jáde ní ṣíìfù kan ni àwọn ọ̀gá ibẹ̀ fi ń mọ̀ bí iṣẹ́ bá lọ déédéé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé páálí ọjà kan kò yàtọ̀ sí ìkejì rẹ̀. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni Yunifásítì Covenant wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2002. Ní 2012, ilé-ìwé náà kéde ìlépa kan: pé nígbà tí yóò bá fi di 2022, òun yóò wà lára Yunifásítì mẹ́wàá tó ga jù lọ láyé. Ìyẹn kò ṣẹ. Ṣùgbọ́n nínú àtòjọ Times Higher Education fún ọdún 2020, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2019, Covenant wà láàárín ipò 401 sí 500, òun ló sì ṣíwájú ní Nàìjíríà. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, wà láàárín 501 sí 600.

A kò sọ èyí láti fi tẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni. Kí ilé-ìwé ọlọ́dún 17 ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré, àwọn tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ sì ní láti kọ́kọ́ fi tiwọn hàn. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé wò ni ohun tí wọ́n kà. Ìtọ́kasí nìkan ló kó 30 nínú 100 máàkì nígbà náà. Inú Scopus ni wọ́n ti kà á, iṣẹ́ tó jáde láàárín 2014 sí 2018 nìkan ni wọ́n sì wò. Ìwé tó jáde ní 1966, bó ti wù kí wọ́n máa lò ó tó títí dòní, kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Láti àtòjọ 2024 ni wọ́n ti pín 30 yìí sí ọ̀nà mẹ́rin, tí ìtọ́kasí gbogbogbòò sì wá di 15. Scopus ṣì ni orísun rẹ̀.

Àwọn tó ṣe àtòjọ yìí kò ṣàì mọ̀ pé ẹ̀ka ìmọ̀ yàtọ̀ síra. Wọ́n máa ń fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wé ìpíndọ́gba iṣẹ́ tó jáde nínú ẹ̀ka ìmọ̀ kan náà ní ọdún kan náà. Ẹni tó bá gba 1 bá ìpíndọ́gba ayé dọ́gba. Àtúnṣe gidi ni. Ní ọjà Ṣàngó, kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gàrí, yáàdì ni wọ́n fi ń wọn aṣọ. Bí alágàrí bá ta ogún kóńgò, kò sí ẹni tí yóò bi aláṣọ pé kóńgò mélòó ni òun tà. Ìgbìmọ̀ tó kọ 9 àti òdo sí orí ìwé kan náà kò tilẹ̀ tíì dé ibi tí àwọn ọlọ́jà wà.

Òdo àti àìrí

Síbẹ̀, àtúnṣe yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ẹ̀rọ tó lè fi iṣẹ́ kan wé ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ rí i. Àìmọye jọ́nà tí a ń fi èdè Yorùbá kọ ni kò sí nínú Scopus. Orí bébà nìkan ni púpọ̀ wà, a ń tà wọ́n níbi àpérò, a ń kó wọn sínú àpótí ìwé olórí ẹ̀ka. Bí olùkọ́ kan bá tọ́ka sí Bámgbóṣé nínú irú jọ́nà bẹ́ẹ̀, ìtọ́kasí náà kò ní hàn níbikíbi, nítorí ẹ̀rọ kò rí ìwé tó ṣe ìtọ́kasí. Àdánù náà di méjì: iṣẹ́ wa kò sí nínú àkọsílẹ̀, ọlá tí a bù fún iṣẹ́ ẹlòmíràn kò sì sí níbẹ̀.

Èyí ni ìdí tí a fi sọ pé òdo tí akọ̀wé kọ lọ́jọ́ náà kì í ṣe òdo. Òdo ni pé wọ́n ka iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tó lò ó. Àìrí ni pé ẹ̀rọ kò débẹ̀. Olùkọ́ tí kò tíì ṣe ìwádìí kankan àti obìnrin tó kọ ìwé méjì gba máàkì kan náà. Òṣùwọ̀n tí kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò tíì wọn nǹkan kan.

Àpẹẹrẹ tó hàn kedere jù ni Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ. Ìran dé ìran ló ti fi í kọ́ ìwé kíkà. Ọmọ tó fi Aláwìíyé mọ ìwé kà kò ní kọ ọ́ sí ìparí àpilẹ̀kọ kankan pé ibẹ̀ ni òun ti bẹ̀rẹ̀. Ipa iṣẹ́ tí a ṣe fún olùkọ́ àti ọmọ iléèwé máa ń hàn nínú kíláàsì, kì í hàn nínú ìtọ́kasí.

Ewu mìíràn wà. Ní 2014, Ayọ̀kúnlé Ọmọ́bọ̀wálé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Current Sociology lórí bí àwọn olùkọ́ Yunifásítì ní Nàìjíríà ṣe ń sanwó fún jọ́nà ilẹ̀ òkèèrè tí kò ní láárí, torí kí wọ́n lè rí ìgbéga. Bí a bá ń fi òdo dẹ́rù ba onímọ̀ Yorùbá, ọ̀nà ibẹ̀ ni a ń tì í sí: yóò pa èdè Yorùbá tì, yóò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí olùkọ́ Yorùbá nílò, yóò sì sanwó lé e.

Ohun tí ó kù lọ́wọ́ wa

Àwọn tó mọ̀ nípa irú òṣùwọ̀n yìí pàápàá ti ń kìlọ̀. Ìkéde San Francisco, tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní 2012, ní kí a má fi òǹkà jọ́nà díwọ̀n olùwádìí. Ìlànà Leiden, tó jáde nínú jọ́nà Nature ní 2015, ní kí a dáàbò bo ìwádìí tó wúlò fún àwùjọ tí a ti ṣe é, kí a sì ro ti ìyàtọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀. Ìgbìmọ̀ wa lè gùn lé èyí: kí wọ́n kọ “a kò rí i” síbi tí wọn kò bá ti rí i, kí wọ́n sì fún onímọ̀ Yorùbá méjì ní ìwé olùkọ́ náà kà tinú tòde.

Àwa náà jẹ̀bi díẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ń kọ orúkọ ara wa ní ọ̀nà mẹ́ta: lónìí pẹ̀lú àmì ohùn, lọ́la láìsí àmì, lọ́túnla pẹ̀lú “sh” dípò “ṣ”. Ẹ̀rọ a sì máa rò pé ènìyàn mẹ́ta ni. Àwọn olóòtú jọ́nà wa gbọ́dọ̀ gbé àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé ní ìlànà kan ṣoṣo, kí àṣamọ̀ rẹ̀ sì wà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún N.C.E. sì dárúkọ ìwé Yorùbá tó kà, kó má ṣe wá ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí kò kà fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ti obìnrin tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìgbìmọ̀ ní kó padà wá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó padà wá, òdo náà ṣì wà níwájú orúkọ rẹ̀.