Òṣùwọ̀n Onímọ̀ Ọrọ̀-Ajé àti Oko Kòkó: Àyẹ̀wò Ìwé Mélòó Kan láti Emùré-Ilé

1. Ìfáàrà

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ti ń kọ ìwé lórí àgbẹ̀ oníkòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìbéèrè kan ni ó wà ní ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn: kí ni ó ń mú kí ìkórè pọ̀, kí sì ni ó ń mú kí ó dín? Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìdáhùn mẹ́ta wò, ó sì fi wọ́n wé ìṣe àgbẹ̀ ní Emùré-Ilé, ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé òṣùwọ̀n tí onímọ̀ bá mú dání ni ó ń pinnu ẹni tí ẹ̀bi yóò já lé lórí nígbà tí ìkórè kò bá tó. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán, nítorí orí irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ń gbé òfin kà.

2. Ìdáhùn kìn-ín-ní: iye owó

Ní 1947 ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Ọjà Kòkó ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1954, ẹkùn kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ní í dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà, òun náà ní í ta kòkó lókè òkun. P. T. Bauer, nínú West African Trade (1954), sọ pé owó tí ìgbìmọ̀ ń mú kúrò kò yàtọ̀ sí owó-orí, àti pé ó ń pa àgbẹ̀ lọ́wọ́ dà. G. K. Helleiner, nínú ìwé tí ó kọ ní 1966, gbà pé irú owó bẹ́ẹ̀ ni ìjọba fi rí ohun tí yóò ná sí ìdàgbàsókè.

Ìtàn ti Bauer lẹ́yìn dé àyè kan. Ní 1968 sí 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà kọ̀ láti san owó-orí, wọ́n sì jà. Ní 1986 ni wọ́n pa àwọn ìgbìmọ̀ náà rẹ́. Ṣùgbọ́n igi kòkó tí ó ti gbó kò torí owó padà di ọ̀dọ́. Ẹni tí ó bá rò pé iye owó nìkan ni ó ń pàṣẹ fún oko kò tíì mọ iye ọwọ́ tí ó ń bá oko ṣiṣẹ́.

3. Ìdáhùn kejì: iṣẹ́ àti ìbátan

Ibí ni ìwé Sara Berry, Cocoa, Custom, and Socio-Economic Change in Rural Western Nigeria (1975), ti wúlò jù lọ. Ó fi Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ṣí lọ sí igbó, tí wọ́n gba ilẹ̀, tí wọ́n san ìṣákọ́lẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹbí àti alágbàṣe dá oko.

Bí àgbẹ̀ kan ní Emùré-Ilé bá dá oko tuntun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ni yóò kọ́kọ́ gbìn kí kòkó kékeré lè rí ibòòji. Fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n kòkó nìkan díwọ̀n oko náà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mú nǹkan kan wá. Bẹ́ẹ̀, ilé ti jẹ nínú rẹ̀, ìyàwó sì ti ta nínú rẹ̀ lọ́jà. Berry ríran rí èyí. Síbẹ̀, igbó kò gba àyè nínú àlàyé rẹ̀ tó bí ìbátan àti iṣẹ́ ti gbà á.

4. Ìdáhùn kẹta: igbó

François Ruf ni ó fi igbó sí àárín ọ̀rọ̀, nínú ìwé tí ó kọ ní èdè Faransé ní 1995. Àlàyé rẹ̀ kò le: ẹni tí ó gbin kòkó sí ẹgàn rí ilẹ̀ ọlọ́ràá, koríko kò sì yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀, ẹni tí ó tún un gbìn sí ilẹ̀ tí ó ti ṣá yóò ṣe ìlọ́po iṣẹ́ kí ó tó rí ìkórè kan náà. Nítorí náà, apá kan nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìmọ̀ọ́ṣe àgbẹ̀ jẹ́ ọrẹ igbó. Bí igbó bá tán, àgbẹ̀ kan náà yóò dà bí ọ̀lẹ lójú òṣùwọ̀n.

Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí ó bá ti inú ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 jáde kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Ète òfin náà dára. Ṣùgbọ́n bí ẹgàn bá di èèwọ̀, ilẹ̀ tí ó ti ṣá ni ó kù, iṣẹ́ ibẹ̀ sì pọ̀ jù. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

5. Ìkádìí

Bauer rí owó, Berry rí ènìyàn, Ruf rí igbó. Kò sí èyí tí ó purọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tó láti dá ṣe òfin. Òṣùwọ̀n tí ó yẹ oko Emùré-Ilé ni èyí tí yóò ka ọjọ́ iṣẹ́, oúnjẹ ilé àti ọjọ́ orí igi pọ̀ mọ́ ìwọ̀n kòkó. Bí wọn kò bá kà wọ́n, àgbẹ̀ tí ó ti san owó ìdàgbàsókè lánàá ni yóò tún dá san owó igbó lónìí.